Ẹ Má Yọ Ọjà Ìyá Yín Kúrò Nínú CV

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé CV rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Ọdún kẹrin rẹ̀ ló wà ní Yunifásítì Ghana ní Legon, ẹ̀kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé ló ń kọ́, ilé-iṣẹ́ kan tí ń pín ọjà oúnjẹ káàkiri Accra sì ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ojú ewé kan ṣoṣo ni ìwé náà. Ó mọ́ tónítóní, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo wá bi í pé, "Ta ni ẹni yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni, Àǹtí."

Mo ní kì í ṣe òun. Ẹni tí mo mọ̀ ti ń dúró ti ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Mallam Atta láti ìgbà tí kò tíì ga tó tábìlì tí wọ́n ń to ọjà lé. Ẹni tí mo mọ̀ ń sọ èdè márùn-ún. Ẹni tó wà nínú ìwé yìí kò ṣe nǹkan kan rí ju pé ó ka ìwé, ó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́, ó sì fẹ́ràn ìwé kíkà àti ìrìn-àjò. Ìrìn-àjò wo? Kò tíì kọjá Kumasi rí.

"Àǹtí, ọjà lásán nìyẹn kẹ̀," ló fi dá mi lóhùn. "Wọn ò ní fẹ́ gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ "lásán" yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Lagos Town ni mo ń gbé. Lórí ìwé, Accra New Town ni wọ́n ń pe àdúgbò náà, "New Town" náà sì ni àwọn mátè trótró ń kígbe. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé wa kò pè é ní nǹkan mìíràn ju Lagos Town lọ, nítorí àwọn ará Nàìjíríà, pàápàá àwa Yorùbá, tó tẹ̀dó síbẹ̀ láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí ní ọdún 1967. Bàbá mi, ará Ogbómọ̀ṣọ́, ń ta aṣọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà nígbà tí a ń lọ. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo dàgbà sí, Nàìjíríà ni mo ti kàwé, níbẹ̀ náà ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀. Mo padà sí Accra ní 1996. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ṣáájú mi padà, ó sì ti fẹ́ ọmọbìnrin Ga kan, òun ni ìyá ọmọ tí mo ń sọ yìí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi wà nídìí ètò ìgbanisíṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan níbí kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ti jókòó níwájú tábìlì ìgbìmọ̀ rí, mo sì ti jókòó lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó níwájú rẹ̀, ojú tì mí. Èkó ni, ní ọdún 1991, ní ilé báńkì kan. Ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ nípa ara mi. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ orúkọ bàbá mi, mo sọ agboolé wa ní Ogbómọ̀ṣọ́, mo sọ ìjọ tí a ń lọ, mo ní àwa mẹ́fà ni ìyá wa bí. Mo wá dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé ó parí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ilẹ̀ ni mo ń wò ní gbogbo àkókò yẹn, nítorí pé ilé wa kò kọ́ mi láti máa tẹjú mọ́ àgbàlagbà. Ó dájú pé n kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nínú yàrá náà. Mo ti wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, orí àga ilé ìbátan wa ní Mushin ni mo sùn.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mi kò burú. Ká ní àna mi ló bi mí ní ìbéèrè náà, wọn ì bá yìn mí. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ní kí o sọ ẹni tí o jẹ́, àwọn ènìyàn rẹ lo máa sọ. Ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, ẹlòmíràn ló máa sọ ọ́ fún ọ. Oríkì wà, ṣùgbọ́n ìyá ẹni ní í ki ni láàárọ̀, onílù ní í ki ni lóde. Ọmọ tó bá dìde láàárín àwọn àgbà tó ń to ohun rere tó ṣe lẹ́sẹẹsẹ, wọn yóò ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Ẹ wá mú ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé dáadáa lọ síwájú ìgbìmọ̀, ẹ ní kó di onílù ara rẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Yóò kúkú ta kókó sí i lọ́nà ọ̀fun.

Àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kò ní ìṣòro yìí. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò pe ènìyàn jọ lọ́jọ́ òmìnira, yóò gbàdúrà fún un, yóò sì jẹ́rìí sí i lójú gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún un yóò wo aṣọ tó rán. Kò sí ẹni tó máa bi í pé níbo ló ti rí ara rẹ̀ ní ọdún márùn-ún sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ yunifásítì jáde pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí tí kò yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ̀rún ọmọ mìíràn, ọ̀gá kankan kò tẹ̀lé e, kò sí aṣọ tó lè nà sókè kí wọ́n wò.

Èyí ni mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n má ki ara wọn. Kí wọ́n jẹ́rìí ni. Ẹni tó ń jẹ́rìí kò ní òun dára jù, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń sọ: ibi báyìí ni mo wà, ìṣòro báyìí ló dé, ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe rèé, bó ṣe parí rèé. Àwọn olùkọ́ni nípa ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní orúkọ fún un, STAR ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń gbowó lórí rẹ̀. Ìyá mi tí kò ka ìwé kankan máa ń sọ ìtàn ọjà rẹ̀ báyẹn ní gbogbo alẹ́.

Mo pa CV náà tì, mo ní kí ọmọ náà sọ ọdún 2022 fún mi.

Ẹni tó bá gbé ní Ghana lọ́dún náà kò ní gbàgbé. Sídì ń ṣubú lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi dé, iye tí àwọn oníṣirò ìjọba kéde pé ọjà fi gbówó lórí láàárín ọdún kan jẹ́ 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá rẹ̀ ń ta òróró, ìrẹsì, ṣúgà àti tòmátò inú agolo. Òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Legon ni. Ó ní ọjọ́ kan ni òun ṣàkíyèsí pé àwọn ta páálí òróró mẹ́wàá tán, èrè wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí òun kó gbogbo owó náà lọ sí Okaishie láti rà míràn, páálí mẹ́jọ ló rà. Ìyá rẹ̀ rò pé ẹnìkan ti jí owó. Kò sí ẹni tó jí nǹkan. Iye tí wọ́n rà á ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá iye tí wọ́n máa tà á, nígbà tó jẹ́ pé iye tí wọ́n máa fi rà á padà ló yẹ kí wọ́n máa wò.

"Kí lo wá ṣe?"

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday, mo máa ń pe àwọn mẹ́ta tí a ń rajà lọ́wọ́ wọn, mo máa bi wọ́n ní iye tí wọ́n máa tà láàárọ̀. Mo ṣe tábìlì kan sórí fóònù mi. Iye tuntun ni Máámì fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Monday. Inú máa ń bí wọn nígbà mìíràn, wọ́n ní àwọn oníbàárà máa sá. Àwọn kan sá lóòótọ́."

"Àwọn tó ń ra àwìn ńkọ́?"

"Mo pín wọn sí méjì. Àwọn tí kì í kọjá ọ̀sẹ̀ kan, a ò já wọn. Àwọn yòókù, mo ní kí wọ́n máa fi MoMo san ìdajì kí wọ́n tó gbé e. Ìyá kan ò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣọ́ọ̀bù méjì ló kógbá sílé ní ìlà wa lọ́dún yẹn. Tiwa ò kógbá. Àǹtí, nígbà tí wọ́n wá kọ́ wa ní kíláàsì, mo kàn ń wò wọ́n ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ilé-iṣẹ́ tí ń pín ọjà oúnjẹ ni ọmọ yìí fẹ́ lọ o. Ohun tí wọ́n máa sanwó fún un láti ṣe gan-an ló yọ kúrò nínú ìwé rẹ̀, ó wá fi ìwé kíkà àti ìrìn-àjò dípò rẹ̀.

N kò dá a lẹ́bi. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń sọ fún wọn pé bí wọn kò bá mọ̀wé, ọjà ni wọ́n máa lọ. A ti sọ ọjà di ìjìyà. A wá retí pé kí ọmọ náà fi ìjìyà rẹ̀ yangàn níwájú àwọn tó wọ kóòtù. Àwa òbí náà tún wà nínú rẹ̀: mo mọ ìyá kan ní àdúgbò wa tó ní kí ọmọ òun sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun jẹ́ oníṣòwò àgbáyé, nítorí pé ó ń ra bàtà láti Lomé.

Ọ̀rọ̀ èdè náà nìyẹn. Ga ni ọmọ yìí gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, Yorùbá lẹ́nu bàbá rẹ̀, Twi nínú ọjà, Haúsá lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Nima tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Gẹ̀ẹ́sì níléèwé. Mo ti rí CV àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n kọ èdè Faransé sí i nítorí pé wọ́n lò oṣù mẹ́ta ní Paris. Ọmọ Lagos Town lè bá oníbàárà jà kó sì bá a parí ìjà ní èdè mẹ́rin, yóò wá kọ "English" nìkan. Bóyá kò kà wọ́n sí èdè. Kí ni wọ́n wá jẹ́?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tún ìwé náà kọ tán, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àǹtí, ṣé kí n fi orúkọ ìdílé Máámì síbẹ̀ dípò tiwa?"

N kò dá a lóhùn kíákíá. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ní Ghana, bí o bá ti sọ orúkọ rẹ tán, ìbéèrè tó kàn ni ìlú rẹ. Ibi tí wọ́n bí ọ kọ́ ni wọ́n ń bèèrè, ibi tí àwọn baba ńlá rẹ ti ṣẹ̀ wá ni. Bí o bá ní Accra, wọn yóò ní, rárá, ìlú rẹ gan-an. Àwọn Akan ì bá fi ọ̀nà ìyá wò ó, ṣùgbọ́n ọ̀nà baba ni àwọn Ga ń wò, ọ̀nà baba ni àwa náà ń wò, nítorí náà Ogbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wa gbé ọmọ náà fún, ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ̀ rí. Ọmọ Ghana ni lábẹ́ òfin: ìwé òfin 1992 ní ẹni tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Ghana, ọmọ Ghana ni. Ghana Card rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ náà ló máa kọ́kọ́ wọlé kí káàdì tó wọlé.

N kò purọ́ fún un pé kò sí ìgbìmọ̀ tí orúkọ lè yí lójú. Mo ti rí i. Mo sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ní Nàìjíríà, níbi tí fọ́ọ̀mù ti ń bèèrè ìpínlẹ̀ tí o ti ṣẹ̀ wá lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí sí Kano, tó dàgbà sí Kano, tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Kano. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí wọ́n lé wa, ní oṣù Kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shagari lé àwọn ará Ghana kúrò ní Nàìjíríà, báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí sì ń jẹ́ "Ghana Must Go" títí di òní. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ láàárín wa.

Ohun méjì ni mo sọ fún un. Èkíní kò ní ìtàn nínú: orúkọ tó wà lórí CV gbọ́dọ̀ bá ti ìwé-ẹ̀rí àti ti Ghana Card mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa bá àwọn lọ́yà àti ìwé ìbúra kiri lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á tán. Èkejì ni pé kó múra ìdáhùn ìbéèrè náà sílẹ̀ bó ṣe ń múra ìyókù sílẹ̀. Gbólóhùn méjì, láìtọrọ àforíjì: Lagos Town níbí ni wọ́n bí mi sí, ará Ga ni màmá mi, Yorùbá ni bàbá mi. Nítorí náà ni mo ṣe ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Kó sì gbé ọ̀rọ̀ padà sórí iṣẹ́. Ẹni tí ìbéèrè bá dé bá lójijì ni í máa kálòlò, ìkálòlò yẹn sì ni wọ́n máa ń pè ní ẹ̀tàn.

Àwọn fídíò tí àwọn ọmọ wa ń wò láti fi múra, púpọ̀ nínú wọn wá láti Íńdíà. Níbẹ̀, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń wọ inú ọgbà àwọn IIT láti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekẹ́yìn síṣẹ́, iléèwé fúnra rẹ̀ ló sì ń darí ètò náà. Ìwọ̀nba ni irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Legon ní ibùdó tí ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn nípa iṣẹ́, Ashesi ní Berekuso náà ní, àwọn ilé-iṣẹ́ sì máa ń wá pàtẹ, wọn yóò pín páńpẹ́ẹ̀tì àti bírò, wọn yóò ní kí ẹ lọ kọ orúkọ yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye ọmọ tó ń ti orí tábìlì bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ kéré. Ibi tí iṣẹ́ ti ń wá lọ́dọ̀ wa ni ọdún ìsìnlú. Ọdún kan náà, 1973, ni Ghana àti Nàìjíríà dá tiwọn sílẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni ètò SIWES bẹ̀rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà láti lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó jáde.

A ń fi ọdún yẹn ṣòfò. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìbínú, nítorí pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi í ṣòfò. Wọ́n á rán àgùnbánirọ̀ lọ ra wàákyé fún ọ̀gá, wọ́n á ní kó jókòó ti ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé, lópin oṣù wọ́n á san owó ìsìnlú fún un, òun náà á sì máa ka ọjọ́. Kí ilé-iṣẹ́ tún ìwà wọn ṣe, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé sí ibi ìkówèésí ní ilé-iṣẹ́ wa, ibi tí eruku ti bo fáìlì. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ kankan. Ó to àwọn fáìlì náà lọ́dọọdún, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó sì ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ohun tó ṣe sí ní gbogbo Friday: mélòó, ọjọ́ wo, ta ló wá bèèrè kí ni, ìṣẹ́jú mélòó ló fi rí i. Nígbà tí a pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìwé kékeré yẹn ló gbé jáde. Kò ki ara rẹ̀ rárá. Ó kàn ń kà á ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ lọ́kàn. Ẹ ní asán ni gbogbo ìmúrasílẹ̀ yìí, nítorí pé ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ló ń gba ènìyàn síṣẹ́. Àwọn ará Ghana ń pè é ní protocol, bí ẹni pé nǹkan ọ̀wọ̀ ni. Òótọ́ ni pé ó wà. Mo ti rí orúkọ tó ti òkè wá, tí wọ́n ní kí a kàn ṣe bí ẹni ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Òótọ́ tó tún burú jù ú lọ ni pé iṣẹ́ kò tó. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, àwọn tó ju 500,000 ló lọ ṣe ìdánwò sínú pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà nítorí iṣẹ́ aṣọ́bodè tí àyè rẹ̀ kò tó 5,000. Kálukú wọn ti san ₦1,000 láti kọ orúkọ. Ó kéré tán, ènìyàn 15 ló kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Kò sí ìmúrasílẹ̀ tó lè gba ẹni tí wọ́n tẹ̀ pa là. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ aláìníṣẹ́ pé CV rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀, ẹni náà ń parọ́ fún ìjọba.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí láti ẹ̀yìn tábìlì nìyí. Nínú àyè mẹ́wàá, bí wọ́n bá ti òkè mú mẹ́fà lọ, mẹ́rin ṣì kù tí ìgbìmọ̀ ní láti fi ènìyàn gidi kún, nítorí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Nídìí mẹ́rin yẹn ni àwọn ọmọ tí kò ní ẹnìkan lókè ti ń bá ara wọn du. Ọmọ tó ní protocol lè wọlé láìmúra. Ọmọ Lagos Town kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà n kò lè gbọ́ kí ẹnìkan sọ fún un pé kó má múra.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní kó náwó sí i. Ẹni tó bá gba owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó fún ọ níṣẹ́, olè ni. Àwọn tó ń ta ìbéèrè ìdánwò lórí WhatsApp náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn ọmọ mẹ́fà tàbí méje máa ń pàdé ní àgbàlá wa. Àwọn kan jẹ́ Ewe, àwọn kan Dagomba, ọmọ Yorùbá lè máà ju méjì lọ. Méjì á jókòó bí ìgbìmọ̀, ọ̀kan á jókòó níwájú wọn, ìyókù á máa wò. A kì í ṣe nǹkan ńlá. A ń kọ́ bí ènìyàn ṣe lè wo ojú àgbà láìṣe àfojúdi: wo iwájú orí rẹ̀ tàbí imú rẹ̀ bí ojú bá wúwo jù, nígbà tó bá yá, wàá gbàgbé. A ń rán ara wa létí pé ọwọ́ òsì kò gbọ́dọ̀ na ìwé sí ẹnikẹ́ni. A ń kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí a tó dáhùn, èyí tó nira jù lọ fún àwọn ọmọkùnrin.

Ìbéèrè owó oṣù ló máa ń mú mi rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dùn mí. "Eélòó lo fẹ́ kí a máa san fún ọ?" Gbogbo wọn, láìyọ ẹnìkan sílẹ̀: "Ohunkóhun tí ẹ bá fún mi, mo fara mọ́ ọn." Ọmọ tó ń ná owó tòmátò fún ìdajì wákàtí! Ọmọ tí wọ́n bá ní ẹja mẹ́ta jẹ́ ogún sídì tí yóò kó ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni ń lọ, tí yóò tún padà! Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi léèrè pé bí oníbàárà bá dé ṣọ́ọ̀bù wọn, tó ní òun kò mọ iye tí òun fẹ́ san, kí ni yóò ṣe. Ó ní òun á mọ̀ pé kò tíì bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ kejì ló pe mẹ́ta nínú àwọn tó ti jáde ní Legon ṣáájú rẹ̀, ó bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń gbà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń pe àwọn ará Okaishie ní ìrọ̀lẹ́ Sunday.

Ó lọ ní Thursday tó kọjá. Aṣọ tó wọ̀ jẹ́ ti àbúrò ìyá rẹ̀, bàtà náà há díẹ̀. Ó ní àwọn mẹ́rin ló jókòó, wọ́n sì bi í ní ìtàn ọdún 2022 náà títí tó fi yà á lẹ́nu. Ọkùnrin kan ní kó fi tábìlì orí fóònù rẹ̀ han òun, ó nà án sí i, ọkùnrin náà sì gbé e fún ẹni tó jókòó tì í. Wọ́n bèèrè ìlú rẹ̀. Ó sọ gbólóhùn méjì tí a jọ múra sílẹ̀, obìnrin tó jókòó lópin tábìlì sì sọ̀rọ̀ ní Haúsá sí i lójijì, ó dá a lóhùn. Wọ́n bèèrè owó oṣù, ó dá iye kan. Ó ní wọn kò pariwo, wọn kò sì gbà á.

Wọn kò tíì pè é. Àná, nígbà tí mo lọ ra òróró, ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, fóònù náà wà lórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń wò ó, ó ń bá obìnrin kan jà ní Twi lórí àwìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá.